Ìdáhùn: "Àìṣiṣẹ́-ara" kẹ̀? Ẹ tún un rò o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé síbí lánàá lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún ohun tí àwọn dókítà ń pè ní "physical inactivity", ìyẹn kéèyàn má máa lo ara ẹ̀ tó, wọ́n ní ẹni tó ń gbélé tí kì í rìn kì í gbé nǹkan, "àìṣiṣẹ́-ara" ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ eléyìí ò lọ. Tí dókítà bá ní kídìnrín ẹnì kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣé ohun tó ń sọ ni pé kídìnrín ọ̀hún ò jáde lọ sáré? Rọpárọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín yẹn máa gbé sí ìyá arúgbó lọ́kàn.

Ẹni tó tún ní ká pè é ní "àrùn ọ̀lẹ" ló wá bí mi nínú jù. Ọ̀lẹ báwo? Lọ́dún 1953, Jerry Morris, dókítà tó ń ṣèwádìí àìsàn, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London, àìsàn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́ lọ. Bọ́ọ̀sì kan náà o! Kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè lọ sódò, awakọ̀ wà lórí àga. Ṣé awakọ̀ tó jí láàárọ̀ kùtù lẹ fẹ́ pè lọ́lẹ?

Ẹ má sì sọ "àìṣe eré ìdárayá" fún mi, torí bí rédíò bá ti ní eré ìdárayá, bọ́ọ̀lù là ń retí. Ìyá mi àgbà ò gbá bọ́ọ̀lù rí, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń fẹsẹ̀ rin lọ sóko, gbogbo ẹ̀ ló sì wọnú 150 ìṣẹ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi mira lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Àjókòójù ni mo kọ́kọ́ fara mọ́. Ẹ wo àjẹjù, àmujù, àṣejù, "jù" yẹn ò bú èèyàn, ó kàn ní ó ti kọjá ààlà. Àǹtí kan wá bi mí pé ẹni tó sáré láàárọ̀ tó wá jókòó sí ọ́fíìsì títí dalẹ́ ńkọ́? Wọ́n mú mi! Onítọ̀hún ní àjókòójù, kò ní àìmira. Àìmira ni ká fi pe èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 àgbàlagbà lágbàáyé wà nínú ẹ̀ lọ́dún 2022. Kì í ṣe "àìmìra" o, bí ọ̀gá kan ṣe ń kọ ọ́. "Mì" máa ń sọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ nù tó bá ti kan ọ̀rọ̀ orúkọ, fọ́ọ̀mù tú ni wọ́n ti kọ́ wa.

Ẹni tó ní Ìjẹ̀bú ti ní ọ̀rọ̀ fún un látijọ́, a ṣì ń retí ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.