Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: kí ni kí n rà fún bàbá mi kí wọ́n lè máa wo tẹlifíṣọ̀n nílé?

Ọmọ_Yàgbà:
Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ wọ̀. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ máa rìn káàkiri. Tẹlifíṣọ̀n ilé ò mú nǹkan kan mọ́. Kí ni kí n rà bọ̀? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Bọ́lá Mọ̀pà:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, ara á le. Yàgbà ibo? Ṣé ẹ ń rí iná níbẹ̀?

Díṣì Kàbà:
Ra díṣì lásán àti dikódà tí kì í gba owó oṣù. NTA, Channels, TVC, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń bọ̀ láti ojú sánmà. Ẹni tó máa yí díṣì sójú ọ̀nà nìkan lo máa sanwó fún. Má gba ti elérìíálì o, tí òkè bá wà láàárín ilé yín àti òpó wọn, òjìji lẹ máa máa wò.

ÌjùmúBoy:
Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń so díṣì? Ẹ ra smart TV, kí ẹ fi hotspot sí i. Channels wà lórí YouTube tọ̀sán-tòru. Eré Yorùbá pàápàá, àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń gbé e síbẹ̀ báyìí. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti kú.

Bàbá Tíṣà:
Ta ló máa ra dátà? Lórí Netflix, àwòrán tó mọ́ kedere lè jẹ GB 3 láàárín wákàtí kan. Lábúlé tèmi, ìdí ìrókò ni a ti ń wá nẹ́tíwọ̀kì ká tó lè pe ọmọ wa.

Ìyá Bọ́lá Mọ̀pà:
Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ má ra àpótí kékeré tí wọ́n ní ó ń mú gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì láìsanwó. Ọ̀kan ni mo rà fún ìyá mi. Bọ́ọ̀lù, sinimá, ti òyìnbó, ti Híńdù, gbogbo ẹ̀ ló ń mú. Àdúgbò kún pálọ̀ wa. Kò pẹ́, ojú ẹ̀ ṣú bíi tìṣáṣùn. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní kí n tún fi owó ránṣẹ́ kí òun “tún un ṣí”. Mo fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Ìyá mi ṣì ń fi aṣọ bò ó, wọ́n ní ó lè padà sọjí.

ÌjùmúBoy:
Haa! Ṣé ẹni tó máa ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ni?

Ìyá Bọ́lá Mọ̀pà:
Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Díṣì Kàbà:
Ẹ má bínú o, màmá. Ṣánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jí gbé lẹ rà, olè sì tún ja yín.

Ìyá Bọ́lá Mọ̀pà:
Ìwọ Díṣì, ṣé èmi lò ń pè lólè? Àwọn tó ń fi owó kún owó oṣù ṣáá ńkọ́, kí lo máa pè wọ́n?

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó ń ta bátìrì ínfátà tó dáa ní Kàbà? Tèmi ò gbé ju fáànù lọ mọ́.

ÌjùmúBoy:
Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú sánmà wá, ló máa parí gbogbo ẹ̀. Ó ti wà ní Nàìjíríà láti 2023.

Bàbá Tíṣà:
Ọmọ mi, bàbá tí kò sówó díṣì lásán lo fẹ́ kó ra Starlink? Gbogbo “yóò parí” yìí, a ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní tó bá fi máa di 2015, gbogbo tẹlifíṣọ̀n á ti di díjítà. Wọ́n sún un sí 2017, ìyẹn náà kọjá. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń dúró. Ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, àwa tí a wà lápá ibí pẹ́ ká tó rí i. Ohun tó pẹ́ kó tó dé ò ní yára lọ.

ÌjùmúBoy:
Bàbá, ẹ wo ilé yín, ta ló ń wo tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀? Fóònù ni gbogbo ọmọ ń wò.

Bàbá Tíṣà:
Èmi ń wò ó. Tí kò bá sí iná, mo sùn.

Ọmọ_Yàgbà:
Ẹ ṣé gan-an. Ìsánlú ni. Mo ti ra fláàṣì, ọmọkùnrin kan ti kó eré Yorùbá kún inú ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé ní ojú fláàṣì.

Ìyá Bọ́lá Mọ̀pà:
Díṣì, ó yá, wá pe èyí náà lólè!

Díṣì Kàbà:
Ẹ fi mí sílẹ̀ o. Ọmọ Yàgbà, ìròyìn ńkọ́? Kí ló tiẹ̀ ṣe dikódà tó wà nílé tẹ́lẹ̀?

Ọmọ_Yàgbà:
Kò ṣe nǹkan kan, owó orí ẹ̀ ló tán. Bàbá ní tí mo bá san án, àwọn máa bínú sí mi, owó yẹn ti pọ̀ jù. Rédíò ni wọ́n ń gbọ́ ìròyìn.

Bàbá Tíṣà:
O ò sì sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀!