Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbé èrò gbà láti Kotor lọ sí Cetinje?
Èmi àti màmá mi wà ní Kotor, ní Montenegro. A fẹ́ bá amọ̀nà lọ sí Cetinje, olú-ìlú ayé ọba wọn, ká sì padà lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni màmá ṣe n'Íbàdàn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì le níbi tó fi ń to lẹ́tà òjé. Cetinje ni wọ́n ti tẹ Oktoih, ìwé orin ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní 1494, ìdí nìyẹn tó fi ń wù ú gan-an.

Ọ̀nà ló dá wa dúró. Èyí tó gun òkè láti Kotor ní kọ́nà bíi 25, bẹ́ẹ̀ ní ìkẹta ni èébì ti ń gbé màmá. A ti lo oògùn, a ti gbé e síwájú mọ́tò, pàbó. Mo bi ilé-iṣẹ́ amọ̀nà méjì nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà: ọ̀kan ò fèsì, èkejì ní awakọ̀ ló máa pinnu láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé ọkọ̀ elérò kan wà tó ń gba ìlú Budva lálọ-lábọ̀ dípò ọ̀nà òkè yìí, àbí àfi ká háyà mọ́tò àti amọ̀nà tiwa?