Re: "Ẹ̀rọ amọ́wọ́ṣiṣẹ́": "mú" yẹn kò bójú mu

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

"Amọ́wọ́ṣiṣẹ́" (a-mú-ọwọ́-ṣiṣẹ́) tí wọ́n dá lánàá fún ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ sọ di aláìlágbára dùn létí, ṣùgbọ́n "mú" inú rẹ̀ ń parọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń mú ọwọ́ ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Kò ju kí oríkèé má gan lọ.

Èyí tó ń dá agbára padà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lẹ ohun tó ń mọ iná kékeré inú iṣan mọ́ ẹ̀yìn apá, níbi tí iṣan tó ń na ìka wà. Aláìsàn á gbìyànjú láti la ọwọ́. Bí iṣan yẹn bá ta pútú báyìí, ìgbà náà ni mọ́tò á tó fa okùn, tàbí kí afẹ́fẹ́ kún inú ìbọ̀wọ́, láti bá a parí rẹ̀. Ọpọlọ ló ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má sì yára fa ìka o! Iṣan tó ti le, bí a bá ṣe ń já a gbà tó ló ń le sí i tó. Bí oríkèé irin kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú oríkèé ìka, awọ á bó. Bí ọrùn-ọwọ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn jù, ìka á túbọ̀ ká.

"Ẹ̀rọ aranwọ́lọ́wọ́" ni tèmi.
(Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, "arànwọ́lọ́wọ́" ni kẹ́ ẹ kọ. Ṣé "ìranlọ́wọ́" lẹ̀ ń pè é ní Ifẹ̀ ni? Ọwọ́ méjì nínú ọ̀rọ̀ kan tún ti pọ̀ jù. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní 2019 pàápàá, lórí 770 èèyàn ní Ìlú Ọba, kò rí i pé ẹ̀rọ tó ń ran apá lọ́wọ́ mú apá ṣiṣẹ́ ju ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.
(Iléṣà)

Àbúrò, "ó ran ọmọ lọ́wọ́" ni à ń wí. Ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe á di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. "Ìrànlọ́wọ́" kò ní àbọ̀ láàárín. Ẹni tó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́" ló fẹ́ kọ́ wa lóhùn!
(Ilé-Ifẹ̀)

"Uṣẹ́" ni àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, a ò sì ní í jù ú nù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìbọ̀wọ́ oníná", kó tán.
(Iléṣà)

Oníná kẹ̀? Èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ ńkọ́?
(Ilé-Ifẹ̀)

Kí ló ń yí pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀hún?
(Iléṣà)