Àbọ̀ ìbéèrè mi: òòyì lórí rólà-kósítà

Ọ̀kun gbogbo ilé o. Èmi tí mo bi yín pé kí ni mo lè ṣe kí òòyì má máa kọ́ mi lórí rólà-kósítà, ọkọ̀ ìṣeré tó ń gòkè tó ń já wálẹ̀ lórí irin, rèé. Mo gbéra ní Kàbà, mo lọ gùn ún l'Ábùjá, mo ti dé.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n má dijú, kí n máa wo irin iwájú, òun ló ṣiṣẹ́. Àyà mi já nígbà tí ṣéènì ń fà wá gòkè, kà-kà-kà, àmọ́ òòyì ò kọ́ mi rárá.

Ti ìjókòó, ó kù díẹ̀. Ẹ ní kí n lọ sẹ́yìn. Ha! Àwọn tó wà níwájú ti ń já wálẹ̀ kí ẹ̀yìn tó dé ṣóńṣó, wọ́n á wọ́ ọ sáré kọjá òkè, ìdí ẹ á sì gbéra lórí ìjókòó. Ó dùn o, ṣùgbọ́n àárín ló tù mí lára.

Atalẹ̀ tí mo jẹ ní Lọ́kọ́ja nítorí òòyì kàn ta mí lẹ́nu ni.

Ọkọ̀ ìṣeré kejì, èyí tó ń fì síwá-sẹ́yìn, nìkan ló kù. Kò síbi téèyàn fẹ́ tẹjú mọ́ níbẹ̀. Òòyì ṣì kọ́ mi dáadáa. Ẹ ṣeun púpọ̀.