Èmi àti ọkọ mi gba ojú omi wọ Charleston

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Charleston ní South Carolina dáadáa, kó gba ojú omi wọ̀ ọ́. Láti Maryland tí à ń gbé, èmi àti ọkọ mi ti fi mọ́tò dé ibẹ̀ rí. A jẹun, a ya fọ́tò, a padà sílé. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí à ń sá fún òtútù lọ sí Florida, ọkọ̀ onígbòkun wa la gbé débẹ̀. Ìlú mìíràn pátápátá ni mo rí.

Láti Southport ní North Carolina, a kò gba ọ̀nà omi tó wà nínú ilẹ̀, ojú òkun gan-an la gbà mọ́jú. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a dé ẹnu èbúté. Sullivan's Island wà lọ́tùn-ún wa. Lósì ni odi Fort Sumter wà, níbi tí ìbọn àkọ́kọ́ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti dún ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1861. Mo dúró níwájú ọkọ̀, ara mi ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe torí òtútù. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ẹrú gbà wọlé. Ní Sullivan's Island yẹn ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ sé ọ̀pọ̀ wọn mọ́lé, kí àìsàn má bàa ran ará ìlú, kí wọ́n tó kó wọn lọ tà. Nínú gbogbo ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ tó di Amẹ́ríkà lónìí, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ló gba ibí kọjá. Tiwa kò pọ̀ nínú wọn, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó àwọn Yorùbá lọ jù. Síbẹ̀, ọkọ mi ṣí fìlà.

Odò Ashley àti Cooper ló há ìlú náà sáàárín, omi òkun sì ń wọ inú méjèèjì, ó tún ń fà jáde. Tó bá kún, ó máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà ga ju ìgbà tó fà lọ, nítorí náà ìṣàn rẹ̀ lágbára gan-an. Nígbà tí a pe máàrínà, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ojú omi sí, lórí rédíò, ọmọkùnrin tó dáhùn ní ká má tíì wọlé, ká dúró kí omi dẹwọ́. A ju ìdákọ̀ró, mo po ògì, a jókòó. Ojú wa ni omi ṣe gbé ọkọ̀ ẹlòmíràn tí kò dúró lọ kọlu òpó èbúté. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀.

Nígbà tí a jókòó yẹn ni ọkọ mi sọ ìtàn Robert Smalls fún mi, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹni ọdún 23 ni, ẹrú ni, òun ló ń tọ́ ọkọ̀ Planter fún àwọn ọmọ ogun Gúúsù, tó ń bá Àríwá jà nínú ogun abẹ́lé yẹn. Lóru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1862, àwọn ọ̀gá òyìnbó lọ sùn sórí ilẹ̀. Smalls dé akẹtẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀, òun àtàwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ọkọ̀, wọ́n yà gbé Hannah ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Níwájú Fort Sumter, ó fọn fèrè ọkọ̀ bí ọ̀gá ṣe máa ń fọn ọ́n, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí ìbọn odi ò lè bá wọn mọ́, wọ́n sọ àsíá Gúúsù kalẹ̀, wọ́n ta aṣọ ìbùsùn funfun, wọ́n ní Hannah ló mú un wá, kí ọkọ̀ ogun Àríwá má bàa yìnbọn fún wọn. Ènìyàn 16 ló bọ́ lóko ẹrú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Akẹtẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ. Aṣọ ìbùsùn yẹn ni èmi ń rò: obìnrin tó mọ̀ pé bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, ikú ni, tó sì rántí ká a mọ́ ẹrù ọmọ. Mo ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ká ní àwa ni ńkọ́?" Kò tètè dáhùn. Ó ní, "Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀."

Nínú ìlú, ẹ wo ara bíríkì àwọn ilé àtijọ́ dáadáa. Ojú ìka àwọn ẹrú tó mọ ọ́n, àwọn ọmọdé wà nínú wọn, ṣì hàn lára àwọn kan. Mo fi ìka mi sínú ọ̀kan, kò gbà á. Ní City Market, màmá kan ń hun apẹ̀rẹ̀ koríko. Ọwọ́ ṣíbí tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ ló fi ń la ọ̀nà fún imọ̀ ọ̀pẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Apẹ̀rẹ̀ náà wọ́n o, ẹ má ṣe ná an jù, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé International African American Museum, tí wọ́n ṣí ní 2023 sórí Gadsden's Wharf gan-an, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrú sílẹ̀. Wọ́n gbé ilé náà ga sórí òpó, kó má tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Àwòrán ènìyàn tí wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹrú nínú ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, omi ń bò wọ́n, omi ń ṣí wọn.

Tí ẹ bá ń lọ sí gúúsù, afárá Wappoo Creek kì í ṣí nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń lọ tàbí ń bọ̀, ẹ ṣètò àkókò yín. Ẹ dúró ní Beaufort. Smalls padà ra ilé ẹni tó ni ín lẹ́rú tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì di aṣòfin ní Washington. Láti Beaufort, mọ́tò la wọ̀ dé Oyotunji nítòsí Sheldon, ìlú tí Ọba Adéfúnmi, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tẹ̀ dó ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kí wa.