Owó orí mi £3,120, kí ló dé tí wọ́n ní kí n san £4,680?

Ìyá Ìbejì, Thamesmead:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2026 tó dé. Oúnjẹ òde ni mò ń sè: jollof, mọ́ínmọ́ín, àsun, ẹ̀fọ́ rírò, fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ láti ibí dé Gravesend. Tẹ́lẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo fi ń dáná. Ibi iṣẹ́ ló ń yọ owó orí mi kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi. Láti oṣù kẹrin 2024 ni mo ti gbájú mọ́ oúnjẹ.

Ní ọdún owó orí 2024/25 (oṣù kẹrin 2024 sí oṣù kẹrin 2025), gbogbo owó tó wọlé jẹ́ £41,000. Nígbà tí mo yọ owó ẹran, ìrẹsì, gáàsì, abọ́ fóìlì, epo mọ́tò àti owó àwọn tó ń bá mi pín oúnjẹ, èrè tó kù jẹ́ £24,570. Mo ti fi Self Assessment mi, fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń sọ owó tó wọlé fún un kí wọ́n lè ṣírò owó orí rẹ̀, ránṣẹ́. Ìṣirò tèmi fún mi ní £3,120, ṣùgbọ́n £4,680 ni HMRC, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba UK, ń béèrè ní oṣù yìí, wọ́n sì ní £1,560 mìíràn ń bọ̀ ní oṣù keje. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbowó orí lọ́wọ́ mi ni? £3,400 ni mo rí tọ́jú.

Màmá Aránṣọ, Peckham:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìṣirò yín tọ̀nà, tiwọn náà sì tọ̀nà.

Wọn kì í gbowó orí lórí £12,570 àkọ́kọ́. £12,000 ló kù nínú èrè yín: 20% rẹ̀ fún owó orí jẹ́ £2,400, Class 4 National Insurance, owó tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ń san mọ́ owó orí, 6%, jẹ́ £720. Ó di £3,120. £1,560 tí wọ́n fi lé e ni wọ́n ń pè ní payment on account. Ìdajì owó orí 2024/25 ni, wọ́n ń gbà á sílẹ̀ de 2025/26 tí ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí. Ìdajì kejì ni ti ọjọ́ 31 oṣù keje. Owó náà kò sọnù. Bí ìṣirò 2025/26 bá dé, wọn yóò yọ £3,120 tí ẹ ti san sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ìdí tí ẹ kò fi bá a pàdé rí ni pé wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí gbèsè owó orí rẹ̀ kò tó £1,000, tàbí ẹni tí ibi iṣẹ́ ti yọ ju 80% owó orí rẹ̀ lọ. Ọdún tí èèyàn bá fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ló máa ń le jù, torí owó ọdún kan àti ààbọ̀ ló ń kóra jọ sí oṣù kìíní kan ṣoṣo. Ó dùn mí pé wọn kì í ṣàlàyé èyí fún àwọn èèyàn wa nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé ọjọ́ tí oníbàárà bá sanwó aṣọ, mo máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ibẹ̀ sínú ákáǹtì ọ̀tọ̀ tí kò ní káàdì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni o, kì í ṣe ìparí oṣù. Mo mọ̀ pé àjọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi irú owó yìí dá. Mo fẹ́ràn àjọ, òun ni mo fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó orí sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù kẹrin ló kàn yín láti kó, kí lẹ fẹ́ san ní oṣù kìíní?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester:
Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àlàyé. Tákísí ni mò ń wà níbí. Ìyá Ìbejì, bí owó kò bá pé, ẹ má dákẹ́. Ẹ san èyí tó wà lọ́wọ́, kí ẹ wọ ákáǹtì yín lórí gov.uk, kí ẹ ṣètò Time to Pay, ìyẹn sísan díẹ̀díẹ̀, fún ìyókù. Bí gbèsè kò bá ju £30,000 lọ, tí ẹ ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ lè fúnra yín ṣe é láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó. Èlé yóò gorí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tètè ṣe é, ẹ óò bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn 5% tó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ 30.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bùkún yín. Nǹkan kan ló kù. Láti oṣù kẹsàn-án ni ẹsẹ̀ ti ń dùn mí, mo sì ti dín òde kù. Ìwé mi fi hàn pé èrè 2025/26 kò ní ju £18,000 lọ. Ṣé £1,560 náà ni mo máa san?

Màmá Aránṣọ, Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ náà ní àlàáfíà. Rárá, ẹ lè ní kí wọ́n dín in kù, nínú ákáǹtì yín tàbí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SA303. Lórí £18,000, £1,411.80 ni owó orí àti Class 4 yín, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ £705.90. Èyí túmọ̀ sí pé £3,825.90 lẹ máa san ní oṣù yìí. £425.90 péré ló kù tí ẹ máa wá. Ẹ ṣáà má dín in kọjá ohun tó wà nínú ìwé yín: bí èrè bá padà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò ka èlé lórí ìyàtọ̀ láti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti san án.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester:
Kí n fi èyí kún un: Making Tax Digital, ètò HMRC fún fífi àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ. Gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ń wò fún un, kì í ṣe èrè. Bí ti 2025/26 bá ju £30,000 lọ, láti oṣù kẹrin 2027 ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta láti orí sọ́fítíwíà. Ọjọ́ ìsanwó kò yí padà. Ìyá wa, ẹ ti lè máa ya fọ́tò ríìsíìtì ọjà kọ̀ọ̀kan láti ìsinsìnyí, pàápàá ti àwọn alápatà, nítorí yíńkì orí rẹ̀ tètè ń parẹ́.