Ohun tó ń sọ oúnjẹ dìdànù nínú ilé

Ọbẹ̀ ata ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Pípẹ́ nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kó kan, ìgbákọ ló ń dá a sílẹ̀. Wọ́n á bu ọbẹ̀ sórí ẹ̀bà, ìgbákọ á kàn ẹ̀bà, wọ́n á tún tì í bọ inú ìkòkò. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti ń hó láìsí iná. Ìdérí náà dá kún un: tẹ́ ẹ bá dé ìkòkò ńlá pa nígbà tó ṣì gbóná, àárín rẹ̀ á wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀. Ẹ pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kó má jìn ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, kó sì wọ firíìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ẹ má fi ti ewédú ṣe èyí o. Tó bá di ọjọ́ kejì, kì í sáábà yọ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ọbẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣòfò. Ìrẹsì náà ń ṣòfò. Ago 1 máa ń di bíi ago 3 tó bá jinná, ojú lásán la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó sun orí tábìlì mọ́jú, ẹ dà á nù. Májèlé tí kòkòrò inú rẹ̀ ń pọ̀ sílẹ̀ kì í bá iná lọ, bó ti wù kẹ́ ẹ gbé e kaná tó.

Ti tòmátì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń ra odindi apẹ̀rẹ̀ torí pé owó rẹ̀ já wálẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣà á lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọ̀kan tó bá rà á kó ran ìyókù. Ẹ lọ èyí tó ti rọ̀, ẹ sè é láìfi òróró sí i títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Tí ṣíbí bá fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò tí omi kò sáré padà dí i, ó ti tó. Ìwọ̀n ìsè ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ dì sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá kó o sínú físà. Òkìtì kan ṣoṣo tí à ń yọ́, tí à ń dá padà, ló ń bàjẹ́. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí físà: èyí tó kún lè mú tútù tó wákàtí 48, èyí tó dé ìdajì, 24. Ti firíìjì kò ju wákàtí 4 lọ.

Ẹ̀fọ́ tí ọlọ́jà ń wọ́n omi sí, ẹ tú u kúrò nínú ọ̀rá dúdú yẹn kíá. Ẹ já okùn ìdí rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi bébà wé e.